Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Dùùrù: Ìtàn Àwọn Tí Wọ́n Kọ Orin Sílẹ̀ ní Èkó

Láàárín àwọn Yorùbá, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni orin àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn orin tí ẹnì kan fi àmì kọ sórí ìwé kí akọrin tàbí atẹdùùrù tó gbé e jáde, ìlú Èkó sì ni ó ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró, tí í ṣe ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun tí wọ́n sì gba ilẹ̀ Sàró padà wálé, pẹ̀lú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì dé, ni wọ́n mú àṣà kọ́ńsáàtì wọ ìlú náà, tí orin Handel fi di ohun tí à ń gbọ́ níbi tí ìlù dùndún kò ti ṣàjèjì.

Ìṣòro kan bá àṣà tuntun yìí wá. Nígbà tí àwọn àlùfáà túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, wọn kò pa ohùn orin dà. Ohùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ní èdè Yorùbá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí orin bá gbé sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó wálẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́ létí olùgbọ́, àdúrà tí ó já gaara lórí ìwé yóò sì di àdììtú lẹ́nu ìjọ. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti (1855–1930) gba ọ̀nà tirẹ̀ yọ nínú ìṣòro yìí: ó fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìsìn, ó sì lọ gbà wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.

Ẹni tí ó sọ ìṣòro náà di ẹ̀kọ́ ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ni, a bí i ní 1884, ó kẹ́kọ̀ọ́ dùùrù ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1911, nígbà tí ó sì padà dé ní 1914, ó di atẹdùùrù àti olùdarí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Kírísítì ní Marina, tí ó di Kàtídírà, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1962, fún ọdún 48 gbáko. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò yẹn, ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ orin nígbà tí kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n ń kọ ohùn òkè níbẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ka àmì orin, bí a ti ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì láìsọ tẹni nù, àti bí a ti ń jókòó sídìí dùùrù.

Ní 1953 ni ìwé rẹ̀, *Yoruba Music*, jáde. Ìwé náà kò nípọn, síbẹ̀ ó yẹ kí a kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé pàtàkì jù lọ tí Yorùbá kan kọ nípa iṣẹ́ ọnà ní ọ̀rúndún tó kọjá, torí pé àlàyé nípa ìdè tí ó so ohùn ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ohùn orin ni ó gbé kalẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí ó ti ń dán an wò ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ìdánwò tí ó le jù ni ti ohùn mẹ́rin. Nínú orin ìsìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí ohùn òkè bá ń gòkè, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá lè máa sọ̀kalẹ̀, ìyàtọ̀ ìrìn yìí ni ó sì ń fún orin náà ní ẹwà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá jọ ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan náà, ọ̀kan yóò pe ọ̀rọ̀ náà bó ti tọ́, èkejì yóò sì ṣì í pè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orin fún akọrin Yorùbá ní láti yàn láàárín ẹwà ìrìn ohùn àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, tàbí kí ó wá ọgbọ́n tí yóò fi ṣọ́ méjèèjì.

Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, wà lára àwọn ọmọ akọrin Phillips. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1934 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó fi píánò jáàsì wá oúnjẹ òòjọ́, ó sì gba oyè Fellow ti Royal College of Organists ní 1943, èyí tí í ṣe oyè tí ó ga jù fún atẹdùùrù ní Bìrìtìkó. Òkìkí rẹ̀ kàn ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ: *African Suite* rẹ̀ ti 1944, tí ó kọ fún àwọn ohun èlò olókùn, tí ó sì lo orin Ephraim Amu ti ilẹ̀ Gáná nínú rẹ̀, di mímọ̀ káàkiri, ẹgbẹ́ New York Philharmonic sì gbé *Folk Symphony* rẹ̀, tí ó kọ fún òmìnira Nàìjíríà, kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn Carnegie. Síbẹ̀, nínú àwọn orin dùùrù bí *Ọ̀yígíyigì* àti *Ọbańgíjì* ni a ti rí akẹ́kọ̀ọ́ Phillips kedere jù, nítorí pé níbẹ̀, dùùrù tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ń tẹ̀lé ohùn orin tí ọmọ Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọkàn olùgbọ́ ni ó sì ń parí gbólóhùn náà.

Nígbà tí Ṣówándé padà wálé, tí ó sì ń bójú tó ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, ibẹ̀ náà di ibi ìpàdé. Ayọ̀ Báńkólé ṣiṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀ kí ó tó lọ sí Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù àti Clare College ní Cambridge. Akin Euba náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1935 kan náà ni a bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yà. Báńkólé dúró ti ohùn ènìyàn àti ìsìn, ó ń kọ kàntátà, ìyẹn orin gígùn fún akọrin àti adákọrin. Euba ní tirẹ̀ yí ìbéèrè náà padà: dípò kí ó máa bi ara rẹ̀ bí dùùrù ṣe lè sin ọ̀rọ̀, ó bèèrè bí píánò ṣe lè ṣe ohun tí ìlù ń ṣe, ó sì pe ìlànà náà ní *African pianism*, èyí tí ó fi ń jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa tún ìlù kan náà lù láìdáwọ́dúró bí omele, kí ọwọ́ ọ̀tún sì máa sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Ìwé tí ó kọ lórí dùndún, tí ó jáde ní 1990, fi hàn pé lẹ́nu àwọn àyàn gan-an ni ó ti lọ kọ́ ọ.

Ikú mú Báńkólé lọ ní 1976, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 41, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ olórin tí à ń pè ní MUSON, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ti kọ́ gbọ̀ngàn sí Oníkàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ orin, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú iṣẹ́ Báńkólé ni a ti tẹ̀ jáde, lára wọn ni orin Yorùbá mẹ́ta fún ohùn ọkùnrin àti píánò tí wọ́n tẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1977. Títẹ àwọn tó kù ni iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orin wa gbé ṣáájú, kí bébà tí a fọwọ́ kọ tó gbó tán.