Ohùn Méjì Tó Di Ọ̀kan: Àwọn Ìbejì Líjàdù àti Ẹgbẹ́ Akọrin ABBA

Òkìkí ẹgbẹ́ akọrin ABBA ti ilẹ̀ Sweden kàn káyé lẹ́yìn ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1974, nígbà tí orin wọn, "Waterloo", gba ipò kìíní níbi ìdíje Eurovision ní ìlú Brighton. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n: Agnetha Fältskog, Björn Ulvaeus, Benny Andersson àti Anni-Frid Lyngstad. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó jọ tó di orúkọ ẹgbẹ́. Ohun tí etí fi ń dá wọn mọ̀ ni bí ohùn àwọn obìnrin méjèèjì ṣe máa ń wọnú ara wọn. Ní sáà kan náà, àwọn ìbejì obìnrin kan wà ní Èkó tí ohùn tiwọn náà ń di ọ̀kan: Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀nà tí ohùn méjì gbà di ọ̀kan ní Stockholm kọ́ ló gbà di ọ̀kan ní Èkó, àti pé èdè wa gan-an ló la ọ̀nà ti Èkó.

Ní Stockholm, ẹ̀rọ ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Michael B. Tretow ni ó ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe "Ring Ring" ní ọdún 1973, ó ní kí wọ́n kọ orin náà, kí wọ́n sì tún un kọ lé ti àkọ́kọ́ lórí. Láàárín méjèèjì, ó yí ìyára téèpù padà díẹ̀, kí ẹlẹ́ẹ̀kejì má baà bá àkọ́kọ́ dọ́gba tán. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló mú kí ohùn ènìyàn díẹ̀ máa dún bí ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìlú Jos ni wọ́n ti bí àwọn Líjàdù ní ọdún 1948. Ìbátan Fela Aníkúlápó Kuti ni wọ́n. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, wọ́n ti gbé "Ìyá Mi Jọ̀wọ́" jáde lọ́dọ̀ Decca. Ní ọdún 1972, wọ́n bá ẹgbẹ́ Salt, ti onílù Ginger Baker, kọrin ní Munich lásìkò ìdíje Olympics. Láti ọdún 1976 dé 1979 ni iṣẹ́ wọn gbóná jù: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited, àwo kan lọ́dún kan, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Afrodisia tí í ṣe ti Decca. Biddy Wright, ọ̀gá nínú lílo onírúurú ohun èlò orin, ló bá wọn to orin. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn lójú iṣẹ́, kó wá fíìmù Konkombe tí Jeremy Marre ṣe. Ó fi wọ́n hàn níbi tí wọ́n ti ń dán orin wò nínú ilé. Ìgboyà pọ̀ lẹ́nu wọn. Nínú "Cashing In", wọ́n kọjú ọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń kó owó ìlú jọ, nígbà tí kò wọ́pọ̀ kí obìnrin máa kọ irú orin bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn ni kókó ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń gbé ohùn kan náà; bí wọ́n bá sì pínyà, ìkejì a máa tẹ̀lé ìkíní pẹ́kípẹ́kí: bí èyí bá gòkè, tọ̀hún a gòkè; bí èyí bá sọ̀, tọ̀hún a sọ̀. Ìdí èyí kò fara sin. T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní kàtídírà Marina ní Èkó, ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde ní ọdún 1953: ohùn orin Yorùbá gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtumọ̀ á dàrú. Ẹni tó bá ti kọ orin ìyìn àwọn òyìnbó tí a kàn tú sí Yorùbá mọ ohun tí mo ń wí. Akọrin tó ń kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè mú ohùn kejì gba òdìkejì ti àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ má sì yí padà. Èdè wa kì í gbà bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

Èyí kì í ṣe àjèjì sí ará Àgọ́-Àmọ̀dú, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ṣakí. Ní Òkè-Ògùn, níbi tí ìlú náà wà, bí ìyá ìbejì bá pọn ọmọ jáde láti kọrin, ohùn kan náà ni àwọn obìnrin tó ń gbè é ń gbé. Kò sí ẹni tó ń pín apá orin fún wọn. Ohun tí mo gbọ́ nínú àwo Mother Africa nìyẹn, tí gìtá àti ìlù ìgbàlódé wá gbè lẹ́yìn. Nítorí náà n kò fara mọ́ àwọn tó ń pe àwọn Líjàdù ní ẹ̀dà akọrin òyìnbó.

Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Kẹ́hìndé ṣubú, ó fi eegun ẹ̀yìn pa ní ọdún 1996, ó sì ṣaláìsí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ní London, láti ọdún 2022, àwòrán tí kọ̀ǹpútà dá ló ń kọrin lórí ìtàgé ní ipò àwọn ABBA, àwọn ará ìlú sì ń wọ́ lọ wò ó. Ti àwọn Líjàdù, àwo wọn ni a ní. Ilé iṣẹ́ Numero Group bẹ̀rẹ̀ sí tún wọn tẹ̀ ní ọdún 2024, Horizon Unlimited ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú. Ibẹ̀ náà ni kí olùgbọ́ tí kò tíì mọ̀ wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá láti orí "Òrere Ẹlẹ́jìgbò", tí ohùn Yorùbá ti ń darí orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.