Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Ló Bí Lẹ́tà Ìgbéyàwó

Láti Màkún-Omi létí omi títí dé Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ṣòro kí èèyàn gba IV ìgbéyàwó kó má bá lẹ́tà kan báyìí pàdé níbẹ̀, èyí tó dà sápá ọ̀tún, tí àwọn lẹ́tà ńlá rẹ̀ ń fa ìrù. Monotype Corsiva lorúkọ rẹ̀. Òun náà ló wà lórí ìwé ètò ìsìnkú, òun ló wà lórí ìwé ẹ̀rí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Bí ẹ bá bi àwọn atẹ̀wé níbi tó ti wá, àwọn kan á ní Microsoft ló ṣe é fún ìgbéyàwó. Ìyẹn kò gba àlàyé púpọ̀: Patricia Saunders ló yà á fún iléeṣẹ́ Monotype ní England, ó jáde láàárín àwọn ọdún 1990, Microsoft kàn kó o mọ́ Office ni. Ìtàn kejì, tí àwọn tó kàwé máa ń sọ, ló lágbára. Wọ́n ní Aldus Manutius, atẹ̀wé ìlú Venice, ló dá ìtálíìkì, ìyẹn irú lẹ́tà tó dà sápá ọ̀tún yìí, sílẹ̀ ní 1501 kó lè fi dín bébà kù, kí tálákà lè rówó ra ìwé.

Òótọ́ ni pé 1501 ni Aldus tẹ ewì Virgil, ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìtálíìkì tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gé lẹ́tà náà. Francesco Griffo ará Bologna ló gé e sójú irin, Aldus fúnra rẹ̀ sì yìn ín nínú ìwé Virgil yẹn. Nígbà tí àárín wọn bàjẹ́, atẹ̀wé mìíràn, Gershom Soncino, kọ ọ́ síwájú ìwé kan ní 1503 pé Griffo ló ni iṣẹ́ náà. Griffo gan-an kò dá a látọkàn ara rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1420 sókè ni Niccolò Niccoli ti ń fi irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ṣe àdàkọ ìwé àtijọ́ ní Florence, nítorí pé ó yá lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ bébà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣí Virgil náà. Ewì ni. Ẹsẹ ewì kan, ìlà kan. Ọgbọ̀n ìlà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà ì báà fẹ̀, ì báà tín-ín-rín, iye ìlà kò ní yí padà, àyè ọwọ́ ọ̀tún ló kàn máa ṣófo sí i. Kí la wá dín kù? Ohun tí lẹ́tà tín-ín-rín ṣe fún Aldus ni pé ìlà Virgil, tó gùn, ráyè wọ ojú ewé kékeré láìṣẹ́ sí méjì. Ìwé tí èèyàn lè fọwọ́ kan mú dání kà ló ń wá. Ó tilẹ̀ tẹ díẹ̀ nínú wọn sórí awọ fún àwọn ọlọ́lá. Ẹni tó ń ṣọ́wó bébà ná kì í tẹ̀wé sórí awọ. Mo gbà pé nínú ìwé tí kì í ṣe ewì, lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Èrè ojú ọ̀nà nìyẹn. Kì í ṣe òun ló tìtorí rẹ̀ jáde nílé.

Corsiva kò tilẹ̀ tọ̀dọ̀ Aldus wá tààrà. Lẹ́tà ńlá Aldus kéré, wọ́n dúró ṣánṣán, wọn kò nírù. Ọ̀dọ̀ Ludovico degli Arrighi ni ìrù ti wá. Akọ̀wé ni Arrighi, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà Póòpù ní Róòmù, níbi tí iṣẹ́ kì í ti í dúró deni. Ẹ wo “n” Corsiva dáadáa: nísàlẹ̀ òpó àkọ́kọ́ ni apá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, nítorí kálàmù kò gbéra kúrò lórí bébà. Ìyára ló bí ẹwà yẹn. Arrighi ṣe ìwé kékeré kan, La Operina, tó ní ọdún 1522 lára, láti fi kọ́ ará ìlú ní ìkọ̀wé náà. Lẹ́yìn náà lòun àti alágbẹ̀dẹ wúrà kan sọ ọ́ di lẹ́tà onírin. Lẹ́yìn tí ogun kó Róòmù ní 1527, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìdí tí mo fi ń jà sí i nìyí: atẹ̀wé tó gbà pé ọ̀ṣọ́ lásán ni lẹ́tà yìí kì í bìkítà bóyá ó ṣe é kà. (Mo ti rí àdírẹ́sì gbọ̀ngán tí wọ́n fi kìkì lẹ́tà ńlá Corsiva tẹ̀, ìrù wọ ìrù, ọlọ́kadà wo ló máa ka ìyẹn?) Corsiva orí kọ̀ǹpútà wa kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ. Tẹ “Ìjẹ̀bú” wò: kọ̀ǹpútà á lọ yá ẹ̀ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, j àti b á dà sápá ọ̀tún, ẹ̀ á dúró ṣánṣán láàárín wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń yọ àmì kúrò pátápátá, tí Fọlákẹ́ fi ń di Folake lórí káàdì ìgbéyàwó ara rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà: fọ́ǹtì Gentium, tí Victor Gaultney yà fún àjọ SIL, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìtálíìkì rẹ̀ ní gbogbo lẹ́tà wa pẹ̀lú àmì ohùn, ó sì dà sápá ọ̀tún bó ti yẹ. Kò nírù ṣá. Oníbàárà tó bá fẹ́ ìrù dandan, kí wọ́n fi Corsiva tẹ ọjọ́ àti aago fún un, kí wọ́n fi Gentium tẹ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.