Danforth (adájọ́ inú eré)

Danforth ni igbákejì gómìnà tó ń dájọ́ nínú The Crucible, eré orí ìtàgé tí Arthur Miller, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní New York ní oṣù Kìíní 1953. Ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní Salem ní 1692 ni eré náà dá lé, àmọ́ Joseph McCarthy, sẹ́nétọ̀ Wisconsin tó ń pariwo láti 1950 pé àwọn Kọ́múníìsì ti wọnú ìjọba, ni òwe rẹ̀ ń bá wí.

Lọ́dọ̀ Danforth àti McCarthy, ẹ̀sùn ti di ẹ̀rí. Níwájú Danforth, ẹni tó bá jẹ́wọ́ yóò yè, ẹni tó bá ní òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀, igi ni wọn yóò yẹ fún un. Ìjẹ́wọ́ gan-an ò tó. Wọ́n á tún ní kó dárúkọ ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n bẹ Danforth pé kó sún ọjọ́ ìyẹgi síwájú, ó kọ̀ jálẹ̀: wọ́n ti yẹgi fún èèyàn 12, bó bá dá ìyókù sí, aráyé á ní aláìṣẹ̀ làwọn tó ti kú. Ibí yìí ni Miller ti mú Danforth jọ McCarthy jù lọ.

(Danforth tòótọ́ gbé ayé rí, àmọ́ kò sí lára ìgbìmọ̀ tó dájọ́ ikú náà; Miller ló di ẹrù àwọn mìíràn rù ú.)

Ilé Aṣòfin Àgbà bá McCarthy wí ní 1954, ìbò 67 sí 22. Ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin pe Miller fúnra rẹ̀ ní 1956; ó kọ̀ láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá a lẹ́bi nítorí ìyẹn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fagi lé ìdájọ́ náà ní 1958.