Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Tó Ń Já: Wíwá Ibi Tí Ìṣòro Wà

Íntánẹ́ẹ̀tì ilé tó ń já, tó ń fà, tàbí tó ń yára ní ìdájí tó sì ń kú bó bá di alẹ́, kì í sábà ní ìdí kan ṣoṣo. Láti orí fóònù títí dé orí kọ̀ǹpútà tó ń fi fídíò tàbí ojúewé ránṣẹ́, ọ̀nà náà pín sí mẹ́rin: Wi-Fi inú ilé, ráótà àti iná tó ń gbé e ṣiṣẹ́, waya tàbí másìtì tó so ilé mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀nà jíjìn tó ti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Irú àìsàn tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àmọ́ lójú ẹni tó ń wo fídíò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: àmì róbótó kan tó ń yí ṣáá. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra ráótà tuntun nígbà tó jẹ́ pé waya ìta ló ṣẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń bá ilé-iṣẹ́ jà nígbà tó jẹ́ pé ògiri yàrá wọn ló ń dí Wi-Fi lọ́nà. Kí owó tó jáde lápò ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó mọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bàjẹ́.

Nílẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà lónìí, ráótà 4G tàbí 5G tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Fáíbà wà ní àwọn àdúgbò kan ní Èkó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú ńlá mìíràn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Starlink, tó ń gba ojú ọ̀run wá, ti wọ Nàìjíríà, àwọn tí fáíbà kò dé ọ̀dọ̀ wọn sì ń rà á. Waya tẹlifóònù tí NITEL fà nígbà kan kò di ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé púpọ̀, nítorí náà ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún ará Bírítéènì nípa waya tẹlifóònù kò lè ran ará Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn lọ́wọ́.

Ìdánwò àkọ́kọ́

Ìdánwò tó ń ya inú ilé kúrò lára ìta kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ fi kéébù so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀yìn ráótà, kí Wi-Fi má baà dá sí i. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní ihò kéébù, ẹ gbé e sún mọ́ ráótà débi tí ọwọ́ yín á fi tó méjèèjì. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ ping, kí àdírẹ́sì ráótà tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi -t parí rẹ̀ kó má baà dúró. Àdírẹ́sì náà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráótà: 192.168.1.1 ni ti ọ̀pọ̀, 192.168.8.1 sì ni ti púpọ̀ nínú àwọn ti Huawei tó ń lo síìmù. Ẹ wá ṣí fèrèsé kejì lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣe bákan náà sí 8.8.8.8, tó jẹ́ ti Google.

Ìlà kan á máa yọ tẹ̀ lé òmíràn. Ní fèrèsé àkọ́kọ́, ẹ ó máa rí time=1ms tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nítorí ráótà kò jìnnà. Ní ti kejì, iye náà á ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì burú, bí kò bá ti ń fò sókè fò sílẹ̀. Bí «Request timed out» bá yọ ní fèrèsé kejì nìkan, tí ráótà ṣì ń dáhùn wéré, ìta ni ìṣòro wà. Bó bá yọ ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, inú ilé ni kí ẹ ti máa wá a. Ẹ jẹ́ kó máa lọ ní gbogbo àkókò tí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dà yín láàmú, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Ctrl àti C pọ̀ ní fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á sọ iye tó sọnù fún yín. Bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún bá ń sọnù, ojúewé ìròyìn ṣì lè ṣí, ṣùgbọ́n nínú ìpè fídíò ohùn á máa gé.

Nígbà mìíràn, 8.8.8.8 á máa dáhùn dáadáa, síbẹ̀ ojúewé kankan kò ní ṣí. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó bá yín wá àdírẹ́sì ojúewé ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ DNS sí nínú ráótà, kí ẹ fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 ti Cloudflare rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀.

Iná

Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìṣòro nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìṣòro iná ni. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí ẹnì kan sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, ráótà ti kú nìyẹn, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó tún jí délẹ̀. Èyí tó burú jù ni iná tí kò lọ pátápátá ṣùgbọ́n tó ń lọ sílẹ̀: gílóòbù á kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ráótà á sì pa ara rẹ̀ kó tún ara rẹ̀ tàn láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ráótà fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú bùráúsà, kí ẹ wọlé, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Uptime sí. Ibẹ̀ ló ti ń sọ bó ti pẹ́ tó tó ti ń ṣiṣẹ́ láìkú. Bó bá ní ogójì ìṣẹ́jú ni, nígbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láti àárọ̀, ẹ má wulẹ̀ pe ilé-iṣẹ́. Iná tàbí adápítọ̀ ló ń pa á.

Adápítọ̀ tó ti gbó máa ń gbé ráótà nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀, bí ará ilé bá wá pọ̀ lórí rẹ̀ lálẹ́, kò ní lè gbé e mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wo iye fóòtì àti áńpíà tó wà lára ti tẹ́lẹ̀. Fóòtì gbọ́dọ̀ bá a mu gẹ́lẹ́, áńpíà kò gbọdọ̀ kéré sí i. Mini UPS, ẹ̀rọ kékeré tó ní bátìrì nínú tí wọ́n ń fi sáàárín adápítọ̀ àti ráótà, ni ohun tí èmi á gba ilé kọ̀ọ̀kan níyànjú láti kọ́kọ́ rà, ṣáájú ráótà olówó ńlá èyíkéyìí. Iná lè lọ, jẹnẹrétọ̀ lè pẹ́ kó tó dún, ráótà kò ní mọ̀.

Fáíbà, másìtì àti ojú ọ̀run

Àpótí funfun tí wọ́n kàn mọ́ ògiri fún fáíbà máa ń ní iná PON àti LOS. PON tó dúró ní àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ilé ń rí ilé-iṣẹ́. LOS tó bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ kò dé mọ́, bí ẹ sì pa àpótí náà tàn nígbà ogún, asán ni. Àmọ́ kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ fojú tọ waya tínínrín, tó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, láti ara ògiri dé ìdí àpótí. Gíláàsì ló wà nínú rẹ̀, tó tínínrín tó irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹsẹ̀ àga bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹnì kan ká a kò mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ìmọ́lẹ̀ á máa jò síta níbi tó ti ṣẹ́po. Ẹ má fi ìka nu ẹnu rẹ̀, ẹ má sì yọjú wò ó. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í hàn sójú, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Àpótí mìíràn máa ń kọ agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Rx Power. Láàárín -8 sí -27 dBm ni ó yẹ kó wà. Bó bá ti kọjá -27 lọ sí -28 tàbí -29, íntánẹ́ẹ̀tì á máa já, á máa padà. Iye yìí gan-an ni kí ẹ kà fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lórí fóònù, nítorí kò lè sọ fún yín mọ́ pé kí ẹ lọ pa ráótà kí ẹ tún un tàn. Níta, àwọn tó ń la ọ̀nà tàbí tó ń gbẹ́ gọ́tà ló sábà ń gé fáíbà abẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù gíga sì ń já èyí tó wà lórí òpó.

Fún ẹni tó ń lo síìmù, RSRP, ìyẹn agbára àmì tó ń ti másìtì wá, ni ẹ ó wò nínú ojúewé ráótà. RSRP -80 tàbí -90 dára, bó bá ti ń tó -110, másìtì jìnnà tàbí ohun kan dí i. Ẹ gbé ráótà láti ojú fèrèsé kan dé òmíràn, kí ẹ sinmi díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan kí iye náà tó jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òrùlé páànù àti irin fèrèsé lè jẹ́ kí yàrá méjì inú ilé kan náà yàtọ̀ síra gidigidi. Bí àmì bá wá kún, tí íntánẹ́ẹ̀tì yára ní aago mẹ́rin ìdájí ṣùgbọ́n tí kò lè rìn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, èrò ló pọ̀ lórí másìtì yẹn. Kò sí ráótà tó lè wo ìyẹn sàn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ni kí ẹ fi síìmù rẹ̀ dán wò. Ní ti Starlink, òjò ńlá lè dá a dúró fúngbà díẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka igi tó yọ sójú àwo rẹ̀ ló ń já a lójoojúmọ́, áàpù rẹ̀ sì ń fi ibi tí ó ti dí hàn.

Wi-Fi àti àwọn ará ilé

Wi-Fi 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ há. Nínú ilé fúláàtì tí ráótà mẹ́wàá ti ń pariwo, Channel 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í wọ inú ara wọn. Ẹni tó wà nítòsí ráótà, 5 GHz ni kó lò. Ẹ gbé ráótà sókè, sáàárín ilé, kó jìnnà sí fìríìjì, dígí ńlá àti máíkíróweéfù.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Fóònù ọmọ ilé kan ló ń kó fọ́tò àti fídíò lọ sí orí Google Photos, ó sì ti kún ọ̀nà àlọ bámúbámú. Bí ẹnì kan bá gbé rọ́bà omi sẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà ní kọ́ńpáùndì, ẹni tó fẹ́ bu ife omi á dúró ni. Ẹ wo fèrèsé ping kejì nígbà tí irú èyí bá ń lọ: iye tó jẹ́ 40ms á fò lọ sí 600ms. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa ṣe é lóru, tàbí kí ẹ fi òdìwọ̀n sí i nínú ráótà.

Okùn abẹ́ òkun

Ọ̀nà jíjìn tó lọ sí òkè òkun náà lè já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó ń gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já ní ìtòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fara gbá a, ti àwọn báǹkì pẹ̀lú. Àwọn tó wà lórí okùn mìíràn, bíi Equiano ti Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò rí i bẹ́ẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ohun tí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí Èkó lè máa ṣí nígbà tí ti òkè òkun kò ní ṣí, aládùúgbò tó ń lo ilé-iṣẹ́ mìíràn náà á sì máa ráhùn. Ẹ fi ráótà yín sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Bí a ṣe ń fi ẹjọ́ sùn

Ìwéwèé íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún ọdún 2020 sí 2025 ní kí ará ìlú ńlá máa rí Mbps 25, ó kéré tán, kí ará ìgbèríko rí 10. Ẹ rántí pé Mbps 25 kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì mẹ́ta àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun tí ẹ̀ ń sanwó fún kò bá dé, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ó já sílẹ̀, ẹ kọ iye tó sọnù nínú ping àti Rx Power tàbí RSRP, kí ẹ tó pe ilé-iṣẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu lásán dá yín lóhùn. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò tún un ṣe, ẹ mú nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀. 622 ni nọ́ńbà wọn, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè náà.