Orí Kíkà Ṣáájú Fọ́múlà: Bí Ìṣeéṣe Ṣe Lè Yé Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ìṣirò Ń Bà Lẹ́rù

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò, ìdá àti fọ́múlà ni wọ́n fi ń ṣí ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe. Ibẹ̀ gan-an ni àyà akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dá ara rẹ̀ lójú ti ń já. Ohun tí mò ń jà fún ni pé kí ó kọ́kọ́ ka orí: ènìyàn mélòó ni wọ́n, mélòó ló bọ́ síhìn-ín, mélòó ló bọ́ sọ́hùn-ún? Ní 1995, àwọn olùwádìí Gerd Gigerenzer àti Ulrich Hoffrage gbé irú ìbéèrè kan náà kalẹ̀ lọ́nà méjì, láìkọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú. Bí a bá fi orí kà á, nínú obìnrin 1,000, 10 ló ní àrùn náà, àyẹ̀wò sì mú 8 nínú wọn. Nínú 990 tí ara wọn le, ó ṣèèṣì mú 95. Àwọn tó mú jẹ́ 103, 8 péré ló ní àrùn. Nígbà tí ìbéèrè wá ní ìdá, nǹkan bí 16 nínú 100 ìdáhùn ló tọ̀nà. Nígbà tó wá ní iye orí, ó di 46. McDowell àti Jacobs kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní 2017, wọ́n rí i pé 4 nínú 100 di 24. Èyí fi hàn pé olùkọ́ ṣì níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe, ṣùgbọ́n ó fi ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ hàn.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀pá ìtilẹ̀ lásán ni orí kíkà. Ìwádìí Sedlmeier àti Gigerenzer ní 2001 kò gbè wọ́n: àwọn tó kọ́ bí a ṣe ń sọ ìdá di iye orí di ẹ̀kọ́ náà mú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ju àwọn tó kọ́ fọ́múlà lọ.

Àtakò kejì ló wúwo: orí kíkà lè ṣini lọ́nà. Bí tọkọtaya tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS bá gbọ́ pé ọmọ kan nínú mẹ́rin lè jẹ́ SS, ìyẹn kó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, wọ́n lè rò pé bí àkọ́bí bá ti ní in, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Àṣìṣe tó lè ba ayé ọmọ jẹ́ ni. Síbẹ̀, kíkà tó kéré jù ló fà á. Ẹ jẹ́ ká ka irú ìdílé bẹ́ẹ̀ 256, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ mẹ́rin. A ń retí pé àkọ́bí yóò jẹ́ SS ní ilé 64. Nínú 64 yìí, èkejì yóò tún jẹ́ SS ní ilé 16, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí oyún kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oyún tó ṣáájú rẹ̀. Ní apá kejì, ilé 192 bọ́ lórí àkọ́bí, 144 bọ́ lórí èkejì, 108 lórí ẹ̀kẹta, 81 lórí ẹ̀kẹrin. Iye tí a ń retí ni, kì í ṣe àdéhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ̀nà tó gbà dé 81 sílẹ̀ yóò rí i pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni òun ń mú léraléra nígbà mẹ́rin, fọ́múlà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.