Ta Ló Ni Fíìmù? Ọ̀nà Iṣẹ́ Olùdarí Eré Tó Dá Dúró ní Èkó

Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ fíìmù àgbéléwò ti ń bẹ̀rẹ̀, Sùúrùlérè ló ń gbà lọ. Ní òtẹ́ẹ̀lì Winis, òṣèré, òǹkọ̀tàn àti ayàwòrán a máa jókòó de máàkẹ́tà. Máàkẹ́tà láti ọjà Ìdúmọ̀tà ló ń mówó wá, òun náà ló ń sọ ojú ta ni yóò wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì. Kenneth Nnebue, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì, ló náwó sí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ní 1989, kó tó kan Living in Bondage ní 1992.

Ẹ̀bùn dára, ilé-ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, olùdarí kò tíì dá dúró bí ọ̀nà tí fíìmù rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Túndé Kèlání. Ó kọ́ṣẹ́ ní London, ó ṣe kámẹ́rà ní tẹlifíṣọ̀n, ó sì bá àwọn ẹlòmíì ya fíìmù, bíi Taxi Driver tí Adé Love ṣe. Láyé ìgbà náà ni àwọn olè ṣe àdàkọ fíìmù Ọ̀run Móoru (1982), tí gbèsè fi wọ aláwàdà Baba Sàlá tó gbé e jáde lọ́rùn. Nígbà tó yá, Kèlání dá Mainframe sílẹ̀, ilé iṣẹ́ yìí ló sì gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993. Lẹ́yìn náà, ó tún gbé sinimá alágbèéká tọ àwọn ènìyàn lọ ní àdúgbò wọn. Síbẹ̀ kò dá a ṣe: òǹkọ̀wé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Kòṣeégbé àti Ṣaworoidẹ tí Kèlání darí.

Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ṣeré nínú Ṣaworoidẹ. Ó fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní New York. Nígbà tí fíìmù rẹ̀, Araromirẹ, jáde ní 2009, sinimá ló kọ́kọ́ gbé e lọ.

Àwọn kan á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti tú okùn tí máàkẹ́tà fi de olùdarí. N kò gbà. Netflix tó gbé Aníkúlápó, fíìmù Afọláyan, jáde ní 2022 náà ń ṣa ohun tó wù ú rà.

Òǹkọ̀tàn ni ọ̀rọ̀ ta ló ni fíìmù yìí dùn jù. Ìwé tó kọ ni gbogbo ohun ìní rẹ̀. Ó sábà máa ń gbowó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí eré náà tilẹ̀ ń wọlé títí. Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn sọ ara wọn di olùdarí, kí orúkọ wọn lè wọ ìwé àdéhùn tí owó ń tẹ̀lé.