Erékùṣù Èkó Lábẹ́ Àṣíá Òyìnbó: Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀?

Bí àlejò bá wọ Festac ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ilé tí a tò lẹ́sẹẹsẹ àti òpópónà gbọọrọ ni yóò kọ́kọ́ rí. Kò ní tètè rántí pé ilẹ̀ Àwórì ni òun ń tẹ̀. Àwọn Àwórì yìí kan náà ni ìtàn sọ pé ó tẹ erékùṣù Èkó dó. Olófin, baba wọn, pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Ìdẹ́jọ, ìjòyè onífìlà funfun, ti ṣẹ̀. Ọba ni ó ń ṣàkóso ìlú, ṣùgbọ́n àwọn Ìdẹ́jọ ni ó ni ilẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ó di ọ̀ràn nígbà tí òyìnbó dé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó. Wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Òtítọ́ ni pé òwò náà burú, Kòsọ́kọ́ sì jèrè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò epo pupa àti ọ̀nà tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá lọ wà lọ́kàn wọn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, bí ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà nítòsí, Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè, fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Owó ibodè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún ni a ṣèlérí dípò rẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni orí Èkó ti di ẹni tí ń retí owó lọ́wọ́ àlejò.

Àwọn ìjòyè onífìlà funfun fárígá: ohun tí kì í ṣe ti ọba, báwo ni ọba ṣe lè fi tọrẹ?

Ìbéèrè náà kò kú. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá. Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, tí ó jẹ́ Ìdẹ́jọ, pe ìjọba lẹ́jọ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ilé kò gbè é, òun àti Herbert Macaulay lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, Privy Council dá a láre: ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ rẹ́, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ ní kíkún. Òfin òyìnbó fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́rìí pé ọba kò lè fi ilẹ̀ onílẹ̀ tọrẹ.

Àṣíá Gẹ̀ẹ́sì sọ̀kalẹ̀ ní 1960. Ní 1977, àwọn aláwọ̀ dúdú láti ibi gbogbo pé sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà, a sì kọ́ Festac láti fi gbà wọ́n sílé. Ère ojú Ìdíà, tí a kó ní Ìbíní ní 1897, ni àmì àjọ̀dún náà; Lọ́ńdọ̀nù kò yá wa. Ní 1978, òfin tuntun fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà rẹ̀. Òyìnbó ti lọ, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn Ìdẹ́jọ béèrè ní 1861 ṣì ń dúró de ìdáhùn: bí ìjọba bá lè gba ilẹ̀, kí ni ó kù lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀?